Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Bi Léèrè, Kì Í Ṣe Oòrùn

Lọ́dọọdún, ọjọ́ kan máa ń wà ní ìparí ìgbà òtútù tí oòrùn á yọ bí ẹni pé kò lọ síbì kankan rí. Ìmọ́lẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé, á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ẹyẹ á máa ké lórí igi tí kò tíì ní ewé kan ṣoṣo. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tó ti ń gé mi létí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn á ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Màá bọ́ ẹ̀wù òtútù sápá kan, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo ọgbà ẹ̀yìn ilé: ebè mẹ́fà tí èpò gbígbẹ àti ewé ọdún tó kọjá bò mọ́lẹ̀. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Màá rántí àpò irúgbìn tó wà nínú àpótí, àá sì máa ṣe mí bíi kí n dà gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti tàn mí jẹ rí, ó sì dùn mí débi pé mi ò lè gbàgbé.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé màá fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, màá lọ sídìí ebè, màá bẹ̀rẹ̀, màá ti ọwọ́ bọ ilẹ̀. Ibi tó jìn tó ìka mi àárín ni mo ti máa ń bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan. Màá fún un pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, màá la ọwọ́, màá wá fi àtàńpàkò tì í. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ilẹ̀ ti ṣetán. Àmọ́ bó bá dì gbagidi bí amọ̀ ìkòkò, tó ń dán, tí omi ń yọ láàárín ìka mi, ilẹ̀ ń sọ fún mi pé kí n padà sínú ilé nìyẹn. Mi kì í bá a jiyàn. Ilẹ̀ tó dára kún fún àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, inú wọn ni afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni gbòǹgbò ti ń mí. Ẹni tó bá ro ilẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pàápàá ilẹ̀ amọ̀, ń dí àwọn ihò náà pa ni. Bó bá gbẹ tán, á di ògúlùtu. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ebè kejì lọ́dún kan. Kárọ́ọ̀tì tí mo gbìn síbẹ̀ ya ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta, ó wọ́, ó lọ́ mọ́ra, ó sì tó ọdún méjì gbáko tí mo fi ń da ewé jíjẹrà sí ebè yẹn kí ó tó rọ̀ padà.

Ohun kejì tí ọwọ́ máa ń sọ fún mi ni bí inú ilẹ̀ ṣe tutù tó. Kó tó ìṣẹ́jú kan, orí ìka mi á ti kú tipiri. Oòrùn tó ń ràn sí mi lẹ́yìn kò tíì débẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò pẹ́ gbóná, wákàtí kan péré ti tó o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wúwo lọ́wọ́, pàápàá ilẹ̀ tó tutù fún omi, nítorí omi máa ń gba ooru púpọ̀ kó tó gbóná. Nígbà tí ara ènìyàn bá ti ń sọ pé òtútù ti lọ, ilẹ̀ lè ṣì wà lẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Inú ilẹ̀ yẹn sì ni irúgbìn máa sùn, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, mi ò sì gbọ́. Ọdún kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ ọgbà ni. Mo ti gbin tòmátì sínú ike kéékèèké nínú ilé, mẹ́rìnlélógún, mo sì ti tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ méje. Mo mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Mo mọ èyí tó hù gbẹ̀yìn, mo mọ èyí tí ewé rẹ̀ kan ya nígbà tí mo ń ṣí i nípò. Oòrùn wá ràn fún ọjọ́ márùn-ún léraléra. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo kó gbogbo wọn jáde, mo ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ìyá mi jáde wá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ebè.

Ó ní, “Má tíì gbìn wọ́n. Ilẹ̀ yìí ṣì ń gún mi lẹ́sẹ̀.”

Mo ní, “Màámi, ẹ wo oòrùn.”

Ó ní, “Oòrùn kọ́ ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Mo gbìn wọ́n. Alẹ́ ọjọ́ náà mọ́ gaara, ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Mo tilẹ̀ dúró níta díẹ̀ mo ń wò ó, mo ní alẹ́ yìí mà dára o. Mi ò mọ̀ pé alẹ́ tó ń pa irúgbìn gan-an nìyẹn. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ó máa ń ṣe bí aṣọ ìbora, ooru tí ilẹ̀ kó jọ lọ́sàn-án kò ní lè sá lọ tán. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ooru á bá tirẹ̀ lọ sókè, otútù á wá jókòó sílẹ̀. Otútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, ó sì máa ń ṣàn bí omi lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù nínú ọgbà. Ìdí nìyí tí ìrì dídì fi lè bo ewé tó wà nílẹ̀, nígbà tí ohun tí a fi ń wọn ooru, tí a fi kọ́ ara ògiri, á ṣì máa sọ pé ó ku 2°C tàbí 3°C kí omi dì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ́kọ́ rò pé kò sí nǹkan kan. Ewé wọn ṣì dúró, ó funfun díẹ̀ léteetí bí ẹni fi iyọ̀ wọ́n ọn. Oòrùn wá kàn wọ́n. Láàárín àkókò tí mo fi lọ mú omi wá, ewé náà ti di dúdú, ó ń dán bí ewé tí a ti bọ̀ lómi gbígbóná, ó ṣubú mọ́ ara igi rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi tó wà láàárín ẹran ara ewé ti dì, bó sì ṣe ń dì ló ń fa omi jáde nínú àwọn yàrá kéékèèké tí ewé fi wà láàyè, ó sì ń ya ògiri wọn. Bí yìnyín bá ti yọ́, kò sí ohun tó máa gbé ewé náà dúró mọ́. Mo yẹ̀ wọ́n wò láti orí kìíní dé ìkẹrìnlélógún. Kò sí ọ̀kan tó yè. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó gba ike ọwọ́ mi, ó bá mi kó wọn sórí ààtàn. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Mo rò pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa pẹ́. Ní ọdún kejì rẹ̀, mo jókòó pa. Gbogbo ará àdúgbò ti ń gbìn, mo ní kí wọ́n máa lọ. Mi ò ju hóró kan sílẹ̀ títí tí ẹ̀rù otútù fi kúrò lára mi pátápátá. Nígbà yẹn ni mo wá gbin ohun gbogbo. Gíríìn píìsì mi gun òkè, ó ta òdòdó, ooru sì dé bá a lórí òdòdó náà, òdòdó gbẹ dànù, ohun tí mo ká kò kún abọ́ méjì. Spinach kò tiẹ̀ dúró kí n fi jẹun. Bí ọ̀sán bá ti ń gùn tó wákàtí mẹ́rìnlá, spinach á gbà pé àsìkò àtiso ti tó, á na ọrùn sókè, á ta irúgbìn, ewé rẹ̀ á sì korò. Ìkánjú pa tòmátì mi lọ́dún kan, ìjáfara sì pa spinach mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ti ń wá ọjọ́ kan, ọjọ́ tí a ń pè ní àsìkò ìgbìn, bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo irúgbìn máa bá wọlé pọ̀. Kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn ènìyàn máa ń dì mú pàápàá, èyí tí wọ́n ní ìrì dídì ìkẹyìn ọdún máa ń bọ́ sí, àárín lásán ni: láàárín ọdún mẹ́wàá, ó lè tó ọdún márùn-ún tí ìrì dídì á ṣì tún wá lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà ni irúgbìn kọ̀ọ̀kan àti ìwà rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù otútù. Àwọn kan ń wá a kiri. Àwọn kan ń fẹ́ ẹ nígbà èwe, wọ́n á sì kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé gbọ́dọ̀ mọ ìwà wọn bí òbí ṣe ń mọ ìwà ọmọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ píìsì dáadáa, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù. Inú ilẹ̀ tí kò ju 5°C lọ ni ó ti lè hù. Kì í ṣe pé ó máa yára o: ní 5°C, ó lè gba ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ní 10°C, bí ọ̀sẹ̀ méjì, ní 15°C, bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ bá tutù tí omi sì tún dúró sínú rẹ̀, hóró náà á jẹrà kó tó jí. Mo ra irin kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ooru, màá kì í bọ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá láàárọ̀, kí oòrùn tó ràn, fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bó bá ti dúró sí 7°C sókè, tí erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ mi sì ti ń fọ́ dáadáa, píìsì ń wọlé nìyẹn, ì báà jẹ́ pé yìnyín ṣì wà lábẹ́ ògiri.

Màá rẹ hóró náà sómi mọ́jú. Lálẹ́, gbígbẹ ni, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nínú abọ́. Láàárọ̀, á ti wú, awọ rẹ̀ á ti rọ̀, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti àná lọ ní ìlọ́po méjì. Hóró píìsì tó ń rí róbótó wà, èyí tó hunjọ sì wà. Èyí tó hunjọ ní ṣúgà nínú ju èkejì lọ, ó sì dùn lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n róbótó ló ń fara da ilẹ̀ tútù jù, nítorí náà òun ni mo kọ́kọ́ máa ń gbìn. Róbótó àti híhunjọ yìí kan náà ni mọ́ńkì kan, Gregor Mendel, ń kà nínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, láàárín 1856 sí 1863. Ó tó ẹgbàá mẹ́rìnlá igi píìsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tó sì yẹ̀ wò, kí ó tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1866, ibẹ̀ sì ni ayé ti mọ bí ọmọ ṣe ń jogún àbùdá òbí. Bí mo bá di hóró méjì náà mú ní ọwọ́ ọ̀tún àti òsì, mo máa ń ronú nípa ọkùnrin yẹn lórí ìnàró nínú poro, tó ń ka hóró. Sùúrù rẹ̀ máa ń wú mi lórí ju òkìkí tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Nígbà tí píìsì bá ń hù, ẹ lọ tẹjú mọ́ ọn. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ sán díẹ̀, bí ètè tó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ọrùn kan á yọ, ó tẹ̀ kọdọrọ, orí á ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn yẹn ni ó fi ń ti ilẹ̀ kúrò lọ́nà kí ewé tó rọ̀ má baà fara pa. Bó bá jáde tán, á nàró, á tú ewé méjì tó rọra ká mọ́ra. Ẹ̀wà kì í ṣe báyẹn. Ẹ̀wà máa ń gbé hóró rẹ̀ méjèèjì tó là jáde sókè lórí, bí ẹni tó ru ẹrù. Píìsì ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí otútù ojú ọ̀run kò lè tètè dé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ìrì dídì bá jó orí rẹ̀, tàbí tí ẹyẹ bá ṣá a jẹ, ó lè tún rú jáde láti abẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe agídí ló ń fi wọ inú otútù. Ó ti da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Nínú gbòǹgbò rẹ̀, àwọn kókó wẹ́wẹ́ máa ń so, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú wọn sì ń sọ náítírójínì inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún un. Nítorí náà, bí ìgbà rẹ̀ bá parí, mi kì í fà á tu. Màá gé e láti orí ilẹ̀, màá fi gbòǹgbò sílẹ̀ kó jẹrà sínú ebè.

Létúùsì, rádíìṣì, spinach àti àlùbọ́sà ń wọlé ní àsìkò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Létúùsì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí ó tó jí, nítorí náà orí ilẹ̀ ni kí ẹ fọ́n ọn sí, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó parí. Bí ilẹ̀ bá gbóná ju bí 27°C lọ, kò ní hù mọ́, á kàn máa sùn ni. Spinach tí otútù ti fọwọ́ kàn máa ń dùn ju èyí tí kò rí i rí lọ, nítorí ó máa ń kó ṣúgà jọ sára kí omi inú rẹ̀ má baà tètè dì. Kárọ́ọ̀tì ń pẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì máa ń da rádíìṣì díẹ̀ mọ́ ọn lójú ìlà kan náà, kí rádíìṣì tó yára hù lè fi ibi tí ìlà wà hàn mí. Pòtétò, àfi kí ilẹ̀ tó bí 8°C.

Àwọn tó kù wà nínú ilé: tòmátì, ata, ìgbá. Ata ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínú ilé, tòmátì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Iṣẹ́ inú ilé yìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́ jù. Ojú fèrèsé kì í sábà tó. Igi á máa na ara sí ìmọ́lẹ̀, á ga, á tẹ́ẹ́rẹ́, á funfun, kò sì ní lè gbé orí ara rẹ̀. Mo gbé iná kan kọ́ sórí wọn, kò jìnnà ju ìbú ọwọ́ lọ, ó ń tàn fún bí wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́. Omi àpọ̀jù ni ìkejì. Àìsàn kan wà tó máa ń mú igi kékeré láti ìdí: lálẹ́ ó dúró, láàárọ̀ ìdí rẹ̀ á ti rí tínínrín bí okùn, á ti dà wó, ọ̀kan á sì kó ran èkejì. Láti ìgbà tí mo ti ń bomi rin ín láti ìsàlẹ̀, tí mo sì ń jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ gbẹ díẹ̀ láàárín, mi ò tíì rí i mọ́.

Tó bá tó àkókò kí wọ́n jáde, díẹ̀díẹ̀ ni. Ọjọ́ kìíní, wákàtí kan lábẹ́ òjìji, mo kó wọn wọlé. Ọjọ́ kejì, méjì. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó sun ìta mọ́jú. Ewé tí kò mọ afẹ́fẹ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́, oòrùn ọ̀sán gangan lè jó o di funfun lọ́jọ́ kan. Ó ń gba àkókò kí awọ rẹ̀ tó nípọn. Kíkó jáde, kíkó wọlé yìí, àwọn ènìyàn máa ń ní ó ń sú àwọn. Ní tèmi, òun gan-an ni mo fẹ́ràn, nítorí ó ń mú kí n wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mo jẹ ìyá mi ní gbèsè ọ̀rọ̀ òdòdó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo gbà pé ilẹ̀ tí òdòdó bá gbà, ẹ̀fọ́ ni ó fi dù. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó kàn ń gba igun kan lọ́dún yìí, igun kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣáájú kí òtútù tó dé, ó ti ri àwọn crocus, daffodil àti tulip mọ́lẹ̀, àwọn tí ìdí wọn rí bí orí àlùbọ́sà. Otútù ni wọ́n ń sùn lé lórí. Tulip tí kò bá rí tó ọ̀sẹ̀ méjìlá otútù, kò ní tanná dáadáa. Nígbà tí ebè mi ṣì wà lásán, crocus rẹ̀ ti yọ, mo sì rí oyin mẹ́ta lórí òdòdó kan ní ọ̀sán tí mi ò rò pé oyin ti lè jáde. Ebi ti ń pa wọ́n láti ìgbà òtútù, kò sì sí oúnjẹ mìíràn níbì kankan. Irú oyin yìí kan náà ló máa wá sórí elégédé mi nígbà tó bá yá. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti dá òdòdó àti ẹ̀fọ́ sọ́tọ̀ mọ́.

Bí òdòdó wọn bá rọ, ìyá mi kì í jẹ́ kí n gé ewé wọn, bó ti wù kó rí wúruwùru tó. Ewé yẹn ló ń kó oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ pa mọ́ sínú ìdí. Àfi tó bá pọ́n, tó gbẹ fúnra rẹ̀.

Orúnkún ti ń dùn ún báyìí, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. A bá a gbé àga gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ìdáná, a to ike sórí rẹ̀ dé ibi ìbàdí rẹ̀, orí ìdúró ló ti ń gbìn. Sweet pea, òdòdó kan tó jọ píìsì, ni iṣẹ́ rẹ̀ ní àsìkò yìí. Awọ hóró rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ìyá mi á mú hóró kọ̀ọ̀kan láàárín ìka méjì, á wá ojú rẹ̀, á yí i padà, á fi ohun ìgékánná bu awọ rẹ̀ díẹ̀ ní òdìkejì ojú náà, kí ó má baà gé ibi tí ọmọ ti máa jáde. Àtùpà tábìlì ló ń bá a tànmọ́lẹ̀, ó sún gíláàsì sí ìsàlẹ̀ imú. Ó lè gbà á ní ìrọ̀lẹ́ kan láti ṣe ogójì. Ike jíjìn ló ń gbìn ín sí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń wá ìsàlẹ̀, bó bá sì ti ní ewé ìpele mẹ́ta, á fi èékánná já orí rẹ̀ kí ó lè pẹ̀ka. Abọ́ rẹ̀ àti abọ́ píìsì mi kì í sí lórí tábìlì kan náà láé. Wọ́n jọra púpọ̀, ṣùgbọ́n hóró sweet pea ní májèlé, kì í ṣe ohun jíjẹ, àwọn ọmọ sì ń wọlé wọ̀de nínú ilé wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn òdòdó bíi poppy àti calendula, ìyá mi ló ní kí n máa fọ́n wọn sílẹ̀ tààrà ní àsìkò píìsì, nítorí otútù kì í ṣe wọ́n ní nǹkan, poppy kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òun nípò. Àwọn òdòdó bíi zinnia àti marigold ń dúró de ìgbà tòmátì.

Lónìí, oòrùn ràn láti àárọ̀. Píìsì ti yọ ní ìlà méjì, létúùsì tí mo ṣí nípò ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ní ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu ká kúrò, afẹ́fẹ́ dákẹ́, mo sì rí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Mo kó tòmátì wọlé, méjìdínlógún lọ́dún yìí, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Mo wá mú aṣọ ìbora méjì tí a kò lò mọ́, mo fi igi gbé e sókè díẹ̀ kó má baà kan ewé, mo bo létúùsì.

Ìyá mi ṣí fèrèsé. “Ṣé o ti bò wọ́n?”

“Mo ti bo létúùsì, Màámi.”

“Píìsì ńkọ́?”

“Píìsì kò nílò rẹ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Tòmátì wọ̀nyẹn ti tóbi fún ike wọn. Lọ bá mi wo ilẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí ebè kẹrin, mo ti ọwọ́ bọ inú ilẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, mo fi í síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí mo padà dé abẹ́ fèrèsé, ìyá mi ti na ọwọ́ méjèèjì jáde. Ó gba ọwọ́ mi pẹ̀lú erùpẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dì í mú ní ìhà méjèèjì, ó ń gbọ́ bí ó ṣe tutù tó.

Ó ní, “Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì.”